Tírírí Tó Jẹ Gbèsè Àáró Lórúkọ Ṣínṣán

Ẹni tó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ yìí dé etí mi ni Ọ̀ṣúndìran atukọ̀, tó máa ń fi ọkọ̀ igi rẹ̀ gbé èmi àti àpò iyọ̀ mi sọdá odò. Lọ́jọ́ kan, àwọn ẹyẹ kékeré kan ń pariwo nínú èèsún, orí ń fọ́ mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún wọn.

Ọ̀ṣúndìran gbé àjẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ìyá Oníyọ̀, ẹ má bú wọn pọ̀ o. Oríṣi méjì ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn kò ṣe yín ní nǹkan kan."

Mo ní, "Èwo ni kò ṣe nǹkan kan nínú wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ọ́ títí a fi gúnlẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń pa á fún àwọn ọmọ ilé wa nírọ̀lẹ́, ọ̀nà kan náà ni mo sì gbà kọ ọ́ síbí.

Ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ mi. Àwẹ̀ró, fi etí àbúrò rẹ sílẹ̀. Ó dáa.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra fìrì, ó bà sórí èèsún, èèsún tẹ̀, kò dá. Ta ló bá níbẹ̀? Ó bá Tírírí, ó sì bá Ṣínṣán, ẹyẹ kékeré méjì tí wọn kò ju àtàǹpàkò bàbá yín lọ.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ti rí ìkejì. Ìyá ọ̀tọ̀, bàbá ọ̀tọ̀, ìran kan náà. Ẹ̀yìn wọn dà bí ewé tó ń múra àtipọ́n. Àyà wọn rí bí ògì àgbàdo pupa. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè ojú àwọn méjèèjì, bí ẹni fi ẹfun fà á. Bí wọ́n bá jókòó sórí ẹ̀ka kan, ìyá tó bí olúkúlùkù wọn gan-an á kọ́kọ́ wò wọ́n dáadáa kó tó pe orúkọ.

Oyèkànmí ní, "Ìyá àgbà, báwo ni wọ́n ṣe wá ń mọ̀ wọ́n?"

Ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n, bí èèyàn bá lójú. Ẹsẹ̀ Ṣínṣán dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹsẹ̀ Tírírí rí bí háríhá àgbàdo tó ti gbẹ. Ìrù Ṣínṣán kì í sinmi: á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, á gbé e, á tún tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ iná. Ìrù Tírírí ní tirẹ̀ a máa dákẹ́. Apá Tírírí gùn díẹ̀ ju ti ìkejì, ó sì ń fi í yangàn bí ẹni pé òun ló lọ rà á.

Ohùn wọn ló wá jìnnà síra. Ti Ṣínṣán kò ju ìró méjì lọ: ṣín-ṣán, ṣín-ṣán, ṣín-ṣán, láti àárọ̀ dalẹ́. Ti Tírírí á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á wá máa yí bọ̀ nísàlẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, tí-rí-rí-rí-rí-rí, bí omi tó ń dà láti ọrùn akèrègbè. Ó dùn. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ó dùn. Àmọ́ ohùn dídùn yẹn nìkan ni gbogbo ohun tó ní láyé.

Ẹ mọ àáró? Ẹ bá mi ro oko mi lónìí, mo bá yín ro tiyín lọ́la. Àáró nìyẹn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ, àwọn ẹyẹ etí odò a máa bá ara wọn kọ́ ilé ní àáró kí òjò tó dé. Bàbá Ẹ̀gà ni olórí wọn, torí kò sí ẹyẹ tó mọ ilé hun bíi rẹ̀. Wọ́n á pé sọ́dọ̀ ẹnìkan, wọ́n á hun ilé rẹ̀ parí, onílé á bọ́ wọn, ó sì di dandan kí òun náà bá olúkúlùkù wọn hun tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣe fún, tí kò ṣe padà, wọ́n á kọ̀ ọ́. Ẹyẹ tí wọ́n bá kọ̀, òjò ni yóò dá a lẹ́jọ́.

Bí wọ́n bá ń hun ilé, orin ni wọ́n ń kọ. Ẹ̀yin lẹ máa gbè é. Ẹ ní, "Fà á, fi há a."

Mo bá ọ ṣe lónìí o,
*Fà á, fi há a.*
Wá bá mi ṣe lọ́la o,
*Fà á, fi há a.*
Koríko tútù kì í dá o,
*Fà á, fi há a.*
Ẹni bá jẹ tí kò san o,
*Fà á, fi há a.*
Òjò a bá a ní gbangba o,
*Fà á, fi há a.*

Ẹ kú ohùn. Akínlàjà, ìwọ ò gbè é, o kàn ń la ẹnu.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Ṣínṣán kò sí nílé nígbà tí àáró fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn lókè odò, ó lọ tọ́jú rẹ̀. Tírírí ní tirẹ̀ wà nílé. Ó jókòó sórí ẹ̀ka, ó ń kọrin, ó ń wo apá ara rẹ̀. Ó fẹ́ ilé. Iṣẹ́ ni kò fẹ́.

Ó ronú títí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rí bíi háríhá. Ó fò lọ sí àbàtà, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú ẹrẹ̀ dúdú, ó dúró síbẹ̀ títí ó fi gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ gan-gan. Ó wá gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ẹ̀gà lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ṣínṣán ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ta ló ń kí àgbà, tó tún ń ní kí wọ́n wo ẹsẹ̀ òun? Ẹni tí ẹ bá rí tó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ han èèyàn láìbéèrè, ẹ di ẹrù yín mú.

Bàbá Ẹ̀gà wo ẹsẹ̀, ó dúdú. Ó ní, "Ṣínṣán, kí lo fẹ́?"

"Ẹyin ti wọ̀ mí lára, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ti ilé tèmi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣe é fún mi tán, màá bá gbogbo yín ṣe."

"Níbo la ó kọ́ ọ sí?"

"Nínú igbó Tírírí. Ó yá mi láyè díẹ̀."

Ìyá Àdàbà wà nítòsí. Ilé tirẹ̀ kò ju ìwọ̀nba igi gbígbẹ tí wọ́n kó lé ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí wọ́n kọ́ tí kì í fún wọn nímọ̀ràn lé e lórí. Ó ní, "Tírírí kẹ̀? Tírírí tó yá èèyàn ní nǹkan? A jẹ́ pé ayé ti ń parí lọ."

Wọ́n gbéra. Wọ́n hun ilé náà: fà á, fi há a, fà á, fi há a. Wọ́n fi òwú tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n fi ewé bo òkè rẹ̀, wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ibi tí ìjì kò ti lè rí i. Onílé jókòó, ó ń kérora pé ẹyin wúwo. Nígbà tí wọ́n wá jẹun, òun ló jẹun jù wọ́n lọ.

Bí wọ́n ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, ó di etí odò. Ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ṣàwàlà, ẹrẹ̀ ṣí kúrò. Tírírí wọlé lọ, ó fi ìyẹ́ bo imú, ó sùn.

Ọjọ́ pé tí wọ́n máa hun ilé Bàbá Ẹ̀gà. Gbogbo ẹyẹ pé, wọn ò rí Ṣínṣán. Wọ́n wá a dé ilé tuntun. Tírírí ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà, tó ń hanrun.

"Ṣínṣán dà?"

"Ó ti lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Ṣé èmi ni mo bí i ni? Ó ní kí n máa bá òun ṣọ́ ilé."

"Àáró ńkọ́?"

"Àáró wo? Ṣé èmi lẹ kọ́lé fún?" Ó na ẹsẹ̀ sí wọn. "Ẹ wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ ẹni tó bẹ̀ yín níṣẹ́, ṣé bó ṣe rí rèé?"

Wọ́n wò ó. Háríhá gbígbẹ ni. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n ń bú Ṣínṣán lójú ọ̀nà, wọ́n ń bú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn mọ́ ọn.

Kò pẹ́, Ṣínṣán dé. Ara ìyá ti yá. Ẹyin ti wọ òun fúnra rẹ̀ lára ní tòótọ́. Ó ń fò, ó ń sinmi. Ó bá àwọn ẹyẹ níbi tí wọ́n ti ń hun ilé Bàbá Ẹ̀gà. Inú rẹ̀ dùn, ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Mo ti dé. Ẹ fún mi ní koríko tèmi kí n bá yín fà á. Lẹ́yìn èyí ẹ jọ̀ọ́, tèmi ló kàn, ẹyin ò ní dúró."

Gbogbo wọn pa ẹ̀rín, irú ẹ̀rín tí kò dùn-ún gbọ́.

Olongo, ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ àáró náà, ní, "Ilé kejì! Ṣé ọba ni ẹ́?"

Bàbá Ẹ̀gà ní, "Ṣínṣán, a ti hun ilé fún ọ. O jẹ, o mu, o sá. Wàyí, o wá fẹ́ òmíràn."

"Èmi? Èmi tí mo wà lókè odò?"

"Ẹsẹ̀ dúdú la rí."

Ṣínṣán bú sẹ́kún, ó ní, "Ẹsẹ̀ tí ẹrẹ̀ lè kùn ni ẹ fi ń mọ èèyàn!" Ó fò lọ sétí omi, ó fọ ẹsẹ̀ tirẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó fọ̀ ọ́, ó ha á. Dúdú tó wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i! Dúdú náà ni. Òun ni."

Ẹ ò rí ayé? Ohun tó fi ń ṣe ẹ̀rí ara rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi dè é.

Ó gba ọ̀dọ̀ Tírírí lọ. Ó bá a nínú ilé, orí nìkan ló yọ síta.

"Tírírí, wọ́n ní mo jẹ gbèsè ilé yìí."

"Èmi náà gbọ́. Lọ san án."

"Ẹyin mi ń bọ̀. Ojú ọ̀run ti ń ṣú."

"Yé e sílẹ̀. Ilẹ̀ gbòòrò." Tírírí yán. "Ejò náà kúkú fẹ́ jẹun."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ṣínṣán lára. Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé hun nínú igbó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà. Ó fa koríko kan, ó fi há a, afẹ́fẹ́ gbà á. Ó fa òmíràn, ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó tẹ̀ ba. Ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò, sókè sódò.

Ìyá Àdàbà ti wá jókòó síbẹ̀ láti wo ìran. Ó wò ó títí.

"Ṣínṣán."

"Ìyá."

"Kí ló ń ṣe ìrù rẹ yẹn?"

"Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, Ìyá."

"Kì í sinmi?"

"Ó dìgbà tí mo bá sùn."

Ìyá Àdàbà fò lọ bá Bàbá Ẹ̀gà. Ó ní, "Ẹ̀gà, a ti jẹ̀bi. Ẹni tó wá bẹ̀ wá lọ́jọ́sí, mo jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí a fi hun ilé rẹ̀ tán. Ìrù rẹ̀ dúró gbọin."

Bàbá Ẹ̀gà ha orí. "Ìrù nìkan kò tó láti fi dájọ́. Á ní ó rẹ òun lọ́jọ́ náà."

"Kí la ó fi dá a?"

"Ọ̀fun ni. Ọ̀fun tó fi jẹ oúnjẹ wa náà ni yóò fi jẹ́wọ́."

Ní òru, òjò àkọ́rọ̀ ta fírífírí, ó dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èsúnsún tú jáde nínú ilẹ̀, wù-ù-ù, ó bo gbogbo etí odò. Bàbá Ẹ̀gà ní kí wọ́n kó o jọ, òkìtì ńlá. Ó wá ní kí wọ́n kéde: "Oúnjẹ àáró ti délẹ̀! Gbogbo ẹni tó wà nínú àáró kó wá jẹ, ẹni tí a jẹ àti ẹni tó jẹ wá. Ẹni tí kò sí nínú àáró, kó jókòó sílé rẹ̀."

Ẹ mọ̀ pé àṣà wọn ni pé ẹni tó bá jẹ gbèsè àáró ló gbọ́dọ̀ lé orin kí àwọn yòókù fi jẹun, òun á wá jẹ kẹ́yìn. Bàbá Ẹ̀gà ti fi Ṣínṣán pamọ́ sínú ewé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ní, "Má ṣí ẹnu rẹ títí n óò fi wò ẹ́."

Tírírí gbọ́ ìkéde nínú ilé. Èsúnsún! Ikùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ gùrùgùrù. Bó bá lọ gẹ́gẹ́ bíi Tírírí, wọ́n á lé e, ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ní òun ò sí nínú àáró. Kí ni kó ṣe? Ẹ̀yin náà mọ̀. Ó di àbàtà.

Ó dé. Ó tẹrí ba títí àgógó rẹ̀ fi kan ilẹ̀. "Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì. Èmi Ṣínṣán ni. Ẹ wo…"

"A ti rí ẹsẹ̀," ni Bàbá Ẹ̀gà wí. "Lé orin."

Ó la ẹnu. Ìró méjì, kí ló le níbẹ̀?

Ṣín-ṣán, ṣín-ṣán,
*Fà á, fi há a.*
Ṣín-ṣán, ṣín-ṣán,
*Fà á, fi há a.*

Ó ṣe é géẹ́. Àwọn ẹyẹ wo ara wọn lójú. Olongo fẹ́ sọ pé òun náà ni lóòótọ́. Wọ́n ń jẹ èsúnsún, wọ́n ń gbe orin.

Ìyá Àdàbà gbé èsúnsún kan mì. Ó ní, "Ẹ gbà mí o. Ohùn burúkú! Bí ẹni ń fi àpáàdì ha ìdí ìkòkò."

Tírírí rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀. Ṣínṣán ni wọ́n ń bú. Ó tẹ̀ síwájú: ṣín-ṣán, ṣín-ṣán.

Ìyá Àdàbà mí kanlẹ̀. "Kò kúkú sí akọrin létí odò yìí mọ́. Tírírí tí wọ́n máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀, mo gbọ́ ọ níjẹta. Ohùn ti ṣá. Ó ti di ti àkèré."

Orin dúró.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Gbogbo ayé ni. Má dúró, lé orin rẹ."

"Ti àkèré kẹ̀?"

"Àkèré tó ní ọ̀fìnkìn. Wọ́n tiẹ̀ ní ìwọ Ṣínṣán ti ń kọrin jù ú lọ báyìí."

"Èmi Ṣín… Ṣínṣán? Ìró méjì oníranù yìí?"

"Òun náà ni. Wọ́n ní ó dùn ju ti Tírírí."

Háà! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lè gba oúnjẹ lẹ́nu agbéraga, kó fara dà á. Ẹ lè bú ìyá rẹ̀, kó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ má sọ pé ẹlòmíì dára jù ú lọ. Ọrùn Tírírí wú. Ìyẹ́ orí rẹ̀ dìde. Ó gbàgbé ẹsẹ̀, ó gbàgbé èsúnsún, ó gbójú sókè, ó tú u sílẹ̀:

Tí-rí-rí-rí-rí-rí-rí-rí!

Ó ti òkè wá, ó yí wálẹ̀ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́, ó dùn títí èèsún fi mì. Ó parí, ó wo yíká, ó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Kò sẹ́ni tó gbè é.

Bàbá Ẹ̀gà wẹ̀yìn. Láti inú ewé, ohùn kékeré kan dáhùn: ṣín-ṣán.

Ojú Tírírí ṣí. Ó fẹ́ fò, wọ́n ti yí i ká. Bàbá Ẹ̀gà ní, "Ẹsẹ̀ sínú omi." Ó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Ẹrẹ̀ ń ṣàn lọ bí ẹ̀kọ dúdú, háríhá yọ jáde.

"Bàbá, àwàdà ni mo ń bá yín ṣe."

"Ìwọ nìkan ló yó nínú àwàdà náà," ni Olongo wí.

Bàbá Ẹ̀gà ní, "Ilé tí a hun, lórúkọ ta la fi hun ún?"

"Ṣínṣán."

"Ṣé ìwọ ni Ṣínṣán?"

Tírírí wolẹ̀. "Rárá."

"Ó parí. Ṣínṣán, ilé rẹ ti wà nílẹ̀. Lọ wọlé kí ẹyin tó já."

Ṣínṣán kò dúró kí àwọn ẹlẹ́nu méjì wọ̀nyẹn tọrọ àforíjì. Ó fò lọ. Kó tó di ọ̀sán, ẹyin ti wà lórí òwú. Ní àṣálẹ́, òjò gidi bẹ̀rẹ̀.

Tírírí ní, "Bí ilé ò bá ti jẹ́ tèmi, kí ló kàn mí nínú gbèsè?"

Ìyá Àdàbà ní, "Ẹnu ta ló bẹ̀ wá? Ẹnu ta ló jẹun? Apá rẹ gùn, máa fò lọ bó o bá fẹ́. Ẹ̀ka tó o bá bà lé létí odò yìí, a ó lé ọ kúrò níbẹ̀."

Ó wo òkè, òkè ṣú. Ó tẹ̀ ba, ó fa koríko. Láti èyí tó kù nínú ilé Bàbá Ẹ̀gà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kan ilé Olongo, ó kan ti gbogbo ẹni tó bá a hun tọjọ́ náà. Òjò ń pa á, ó ń hun ún. Wọ́n jókòó sábẹ́ ewé, wọ́n ń gbè é fún un:

Ẹni bá jẹ tí kò san o,
*Fà á, fi há a.*
Òjò a bá a ní gbangba o,
*Fà á, fi há a.*

Ilé Ìyá Àdàbà ló gbẹ̀yìn. Igi gbígbẹ lásán ni o, òun náà ló sì pẹ́ jù.

"Èyí wọ́. Tú u."

"Ìyá, bẹ́ẹ̀ ni tiyín ṣe máa ń wọ́."

"Nígbà tí èmi bá ṣe é, ó lè wọ́. Ìwọ lò ń san gbèsè. Tú u, tún un tò."

Ó tú u. Ó tún un tò. Ó tún tú u. Nígbà tó fi igi tó kù há a, ìyẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò jọ Tírírí, kò jọ Ṣínṣán, ó jọ àkísà. Bàbá Ẹ̀gà wá, ó fi àgógó mi ilé náà. Kò wó.

"Ta ló san gbèsè yìí?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Tírírí."

"Ó tán," ni Bàbá Ẹ̀gà wí. "O ò jẹ wá mọ́."

Ibí ni mo so okùn àlọ́ mi mọ́, mo sì gé e. Bí mo bá bù mọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi, kí ẹnu mi di pinpin, kó má ṣí fún ẹ̀kọ àárọ̀ ọ̀la.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé, ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíì jẹ, ara tirẹ̀ ni yóò fi san án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń dá ẹjọ́ kí ẹ tó wo èèyàn dáadáa, ẹ̀yin náà wà nínú ẹ̀.